Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogun àti ààbò, nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí wọ́n ń kó àga kíkán sí, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Baba Ẹsẹ̀ Òsì. Kì í ṣe arọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé, ó sì ń fi wọ́n rìn wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀ kí àwọn tó ń gun mọ́tò tó dé. Bàtà kan tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ.

Òfin àtijọ́ kan ló fà á. Bí ìjọba bá fẹ́ ra bàtà fún àwọn sójà, wọ́n á kọ́kọ́ rán bàtà kan ṣoṣo, tọ̀tún tòsì. Bàtà àwòṣe ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ni gbogbo ìyókù gbọ́dọ̀ jọ, ì báà tó ọdún mẹ́wàá. Wọ́n á so èdìdì mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti òsì á wà lọ́dọ̀ àwọn alágbádá ní iléeṣẹ́ ìjọba, ti ọ̀tún á wà lọ́dọ̀ àwọn ológun ní bárékè. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé, ìhà méjèèjì á gbé ẹsẹ̀ tiwọn wá, wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì kan náà, wọ́n á wá fi wọ́n yẹ bàtà tuntun wò. Ẹni tó gbé òfin yìí kalẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé alágbádá ló ń di àpò owó mú, sójà ló sì ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ṣúmékà ni bàbá yìí kí ìjọba tó gbà á. Abẹ́ igi níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń rán bàtà, tí ọ̀gá kan tó gbé bàtà wá tún ṣe fi rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wá ń rán àwòṣe, tó sì ń yẹ bàtà sójà wò. Á tẹ̀ ẹ́, á gbóòórùn rẹ̀, á tún fi ahọ́n kan awọ rẹ̀ wò. Àwọn akọ̀wé máa ń sọ pé bàtà tí bàbá yìí ti jẹ pọ̀ ju èyí tí ajá àdúgbò jẹ lọ. Òun náà á dá wọn lóhùn pé ajá kì í fọwọ́ síwèé.

Ohun kan wà tí kò sọ fún wọn. Nínú gbogbo bàtà àwòṣe tó bá rán, ó máa ń fi òwú pupa gán ojú kan ṣoṣo sábẹ́ awọ inú, níbi tí gìgísẹ̀ ń sinmi lé. Kò sófin tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn, kí oníṣẹ́ lè dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ níbikíbi tó bá ti rí i.

Ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì nígbà tí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ọ̀gá yìí kì í sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀. Òun àti agbaṣẹ́ṣe kan tí wọ́n gbé iṣẹ́ bàtà tuntun fún, tí òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé ni wọ́n jọ wá. Ọ̀gá ní kí bàbá gbé bàtà àwòṣe fún agbaṣẹ́ṣe lọ́jọ́ méjì péré, kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè rí i dáadáa kí wọ́n má baà ṣì í rán. Bàbá ní òfin ò gbà kó jáde. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó bi í bóyá bàtà náà ti di ìyàwó tuntun tí a kì í fi ojú rẹ̀ han àlejò. Kò kọ ìwé, kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ku oṣù mẹ́rin kì í ka iye tó wà lẹ́yìn ẹfà. Ó gbé bàtà sílẹ̀ fún wọn.

Bàtà náà padà lọ́jọ́ kẹta nínú páálí rẹ̀, tòun ti èdìdì pupa lọ́rùn rẹ̀. Bàbá gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tì í. Ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ wà, ẹ má jẹ́ ká fi pa mọ́ nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀. Kò wò ó.

Nígbà tí ẹrù fi máa dé, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ètò ìṣúná ọdún náà ni. Owó tí wọn ò bá ná kí ọ̀sẹ̀ tó parí á padà sápò ìjọba, àwọn aṣòfin á sì gé ti ọdún tó ń bọ̀ kù, wọ́n á ní ṣebí èyí táa fún yín lẹ́ẹ̀kan ẹ ò ná an. Gbogbo iléeṣẹ́ ń sáré. Bàbá ránṣẹ́ sí bárékè pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wá. Wọ́n ní ọ̀gá tó ń bójú tó o rìnrìn àjò. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀, òun náà ò sì bá wọn jà mọ́. Bàtà irínwó ló fi ẹsẹ̀ òsì nìkan yẹ̀ wò. Gbogbo wọn jọ ọ́. Ó gbóòórùn gọ́ọ̀mù díẹ̀ lára wọn, ó gbé àwòṣe símú, ó rí i pé òórùn gọ́ọ̀mù wà lára òun náà. Ó fọwọ́ síwèé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá yìí bí, obìnrin, ọmọ náà sì wọ iṣẹ́ sójà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wá dágbére fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọjọ́rú ni òun àti àwọn yòókù nínú irínwó sójà tí wọ́n pín bàtà tuntun fún ń lọ sí ẹnubodè, níbi tí ìjà ti ń lọ lọ́wọ́, níbi tó jẹ́ pé ní àkókò òjò, omi ń mu èèyàn dé orúnkún, ohun tó sì wà nísàlẹ̀ omi náà ò ṣeé fojú rí. Òjò ti pa á lọ́nà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó má baà ba ilẹ̀ ìyá rẹ̀ jẹ́.

Bàbá rí bàtà náà, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun lòun yẹ èyí wò. Bó ṣe gbé e sókè ni sóòlù rẹ̀ yà láti iwájú. Ó ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Ohun tó rí ní àárín kì í ṣe awọ. Páálí ni, wọ́n kùn ún láwọ̀ ilẹ̀, omi sì ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ní ti àwọn yòókù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé okùn ni wọ́n fi ń dì í. Bàbá ò lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Sọ́ńdè, ó kó àwọn ohun èlò àtijọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó tú sóòlù bàtà ọmọ rẹ̀ kúrò, ó gé awọ gidi, ó fi òwú tó fi ìda pa rán an yíká lójú méjì. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ ló fi ń rán an. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fún un ní òwú, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó ṣe ti ọmọ àwọn, kó dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní oṣù díẹ̀ péré ló kù, pé àwọn tó jẹun níbi bàtà yìí ò sí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, àmọ́ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n máa wá mú èèyàn.

Bàbá fi bàtà lé ọmọ lọ́wọ́ ó sì ní kó má sọ ẹni tó rán an fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dúpẹ́.

“Bàbá mi, ẹ ti rán tèmi,” ló wí. “Ta ni yóò rán tàwọn tó kù? Ìlà la máa ń tò rìn. Bí bàtà ẹni iwájú bá ya nínú omi, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní ibi tó máa gbà.”

Ọmọ padà sí bárékè.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá tilẹ̀kùn mọ́ra, ó gbé àwòṣe jáde. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí èèyàn fi ọ̀bẹ kan bàtà tó ní èdìdì. Ó fi kàn án. Ó ṣí awọ inú níbi gìgísẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tún gbé e lọ sójú fèrèsé. Kò sí òwú pupa níbẹ̀. Páálí ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ àwòṣe fún un, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ti gidi fún wọn. Ó ti wá fi irọ́ wọn irọ́, kí ló máa ṣe tí wọn ò ní bára mu? Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Òun ni wọ́n gbà síṣẹ́ kó mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ó gun òkè lọ bá ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán pẹ̀lú sùúrù, ó ní ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́, ó ti di ti àwọn ológun, pé bí nǹkan bá ṣe é, àwọn ló yẹ kó wí. Bàbá rán an létí agbaṣẹ́ṣe àti ọjọ́ méjì yẹn. Ọ̀gá bi í pé ọjọ́ méjì wo, ìwé wo. Ó wá fà á mọ́ra, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í lórúkọ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìwé ìtẹ́wọ́gbà. Bàbá mọ orúkọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọkọ̀ lọ sí bárékè. Ohun kan ṣoṣo ló gbẹ́kẹ̀ lé: ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí wọ́n bá gbé e jáde, tí wọ́n tò ó ti èyí tó wà nínú àpò rẹ̀, afọ́jú pàápàá á mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Sájẹ́ńtì tó ń ṣọ́ sítọ̀ wá a lórí pẹpẹ, ó wá a nínú àpótí, ó yẹ inú ìwé wò. Kò rí i. Ó ní kí bàbá máa bọ̀ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá yí padà láti jáde, ló bá rí ohun tí wọ́n fi há ilẹ̀kùn sítọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà tì í.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ọdún mẹ́fà ló fi wà níbẹ̀ tí òjò ń pa á, tí oòrùn ń pa á, tí ilẹ̀kùn irin ń gbá a mọ́lẹ̀. Bàbá mú un, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún. Sóòlù rẹ̀ ò yẹ̀. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀, ó fọwọ́ kan òwú pupa tó gán síbẹ̀. Èdìdì rẹ̀ nìkan ni kò sí mọ́. Sájẹ́ńtì fi ìtìjú sọ pé okùn èdìdì náà ti ń kọ́ àwọn lẹ́sẹ̀, làwọn fi já a dànù.

Wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ ọ̀gágun tó fẹ́ kó àwọn irínwó jáde. Ọ̀gágun náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Ó fọwọ́ tẹ bàtà méjèèjì wò. Ó wo páálí, ó sì mi orí. Ó ní bàtà tí kò ní èdìdì, bàtà lásán ni níwájú òfin, èyí tí ọ̀bẹ ti kàn náà ò sì já mọ́ nǹkan kan mọ́. Bàbá ní kó ṣáà dá ọkọ̀ dúró.

“Bàbá, sójà kì í ra nǹkan, sójà kì í sì í kọ ohun tí ìjọba bá rà,” lọ̀gágun wí. “Ẹ̀yin alágbádá lẹ ní kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá ní ohun tẹ́ẹ fọwọ́ sí ò tẹ́ mi lọ́rùn, tí mo kọ̀ tí mi ò lọ síbi tí ìjọba rán mi, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n á bi mí? Wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ gbàjọba ni.”

Bàbá bi í bóyá kò sí ọ̀nà kankan. Ọ̀gágun fa fọ́ọ̀mù kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, fọ́ọ̀mù tó ti pọ́n nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀. Ó ní èyí nìkan ló lè gba bàtà náà padà lọ́wọ́ àwọn sójà ní wákàtí kan. Ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹrù ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kò sẹ́lòmíì. Bàbá kà á. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: pé èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí jẹ́wọ́ pé n kò yẹ ẹrù náà wò gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, pé irọ́ ni ìwé tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Kò sí àyè fún àlàyé. Kò sí ibi tí èèyàn lè kọ ọ̀gá àgbà sí, tàbí agbaṣẹ́ṣe, tàbí ọjọ́ méjì. Ọ̀gágun ní òun ò tan bàbá jẹ: ẹni tó bá fọwọ́ sí i, ẹ̀wọ̀n ni, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á sì lọ.

Bàbá gbé fọ́ọ̀mù náà relé. Ìyàwó rẹ̀ kà á, ó kúnlẹ̀ fún un, ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, kí ló dé tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ara rẹ̀ ní olè nígbà tí olè gidi ń jókòó lókè. Ó ní bàtà ọmọ àwọn ti dára. Òótọ́ ni. Òótọ́ yẹn gan-an ló ń pa bàbá. Bó bá jókòó, ó ń gbọ́ irínwó sóòlù tó ń ya nínú omi, ìyẹn irínwó dín ẹyọ kan. Bó bá dìde, ó ń rí ìyàwó rẹ̀ nílé yìí lóun nìkan, láìsí owó, tí àwọn aládùúgbò ń tọ́ka sí i. Kò sí ibi tó kọjú sí tí ilẹ̀ ò ya.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, kó tó dọ́sàn-án, ó dúró níwájú ọ̀gágun, ó sì fọwọ́ sí i. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ó sì mọ̀ pé ìka òun náà ṣẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé òun nìkan ni wọ́n rí gé.

Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́wàá ti tò sórí pápá. Ọ̀gágun ka ìwé náà sétí gbogbo wọn, ó ní kí oníkálukú bọ́ bàtà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Irínwó èèyàn dúró lórí ilẹ̀ tútù pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń ju bàtà sórí òkìtì, wọ́n sì ń wo arúgbó tó dúró láàárín ọlọ́pàá ológun méjì. Ẹnì kan pè é ní jẹgúdújẹrá. Òmíràn tutọ́. Bàbá kò wo ojú wọn. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ òun dúró síbi tó wà, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ ọ́n.

Sájẹ́ńtì sítọ̀ ń ka bàtà lórí òkìtì. Ó dúró, ó gbé bàtà kan sókè. Sóòlù rẹ̀ nípọn, awọ gidi ni, wọ́n fi òwú rán an yíká lójú méjì. Ó béèrè ẹni tó ni ín. Ọ̀gágun wo bàtà náà, ó wá wo bàbá, bàbá sì rí i pé ọ̀rọ̀ ti yé e: arúgbó yìí ti mọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ó kọ́kọ́ tún ti ẹni tirẹ̀ ṣe ná. Òótọ́ ni, kò sì sí àyè fún àlàyé lórí ìyẹn náà.

Ọmọbìnrin kan jáde lórí ìlà.

“Èmi ni mo ni ín,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn. “Bàbá mi ló rán an. Bàbá mi nìyẹn.”

Ó lè dákẹ́ o. Bàtà irínwó ni, ta ni yóò mọ̀? Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹra díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń yẹra fún ẹni tí nǹkan dà lé lórí. Kò yẹsẹ̀. Bàbá fẹ́ pariwo pé irọ́ ni, pé òun ò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ti dì í lápá mú.

Wọ́n mú bàbá lọ sí yàrá ẹ̀ṣọ́ tó wà lókè pápá. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ bọ́ bẹ́líìtì àti bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbéra. Ó bọ́ bàtà, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ní ogún ọdún sẹ́yìn, ó tò wọ́n pọ̀ dáadáa, tọ̀tún tòsì. Ó wá ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn kọjá níwájú àwọn irínwó tí wọn ò ní bàtà. Nígbà tó dé ọ̀kánkán ọmọ rẹ̀, ó tẹ orí ba. Ọmọ náà ò wo ojú rẹ̀, ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò.

“Bàbá mi,” ló wí, “ẹ rọra tẹlẹ̀. Òkúta wà níbẹ̀ yẹn.”